Àwáwù Lọ Kọ́ Ìṣirò Pínpín

Lọ́dún tí àwọn sójà gbé ìjọba sílẹ̀ fún àwọn olóṣèlú, ibà kan dá Kíkẹ́, ọmọ ọdún mẹ́jọ, dùbúlẹ̀. Nígbà tí ara rẹ̀ fi máa yá, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì ti rọ. Iléèwé Ìrawọ̀ jìnnà sí ilé wọn, kò sì sẹ́ni tí yóò máa pọ̀n ọ́n lọ pọ̀n ọ́n bọ̀. Àwáwù ìyá rẹ̀ ní ọmọ òun ò ní jókòó lásán. Ó wá síléètì àti ṣọ́ọ̀kì, ó sọ ọ̀dẹ̀dẹ̀ di kíláàsì.

Ìwé kíkà ò le. Ìròpọ̀ àti ìyọkúrò, ọmọ náà gbà wọ́n bí ẹni mumi. Àfi ìgbà tí wọ́n kan pínpín. Ìwé mẹ́rin péré ni Àwáwù kà kí wọ́n tó yọ ọ́ kúrò níléèwé. Oṣù méjì gbáko ni òun àti ọmọ rẹ̀ fi wà lójú kan. Lọ́jọ́ kan, Kíkẹ́ ti síléètì sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó bú sẹ́kún.

“Ìyá mi, orí mi ò gbé e.”

Ràmọ́nì, bàbá ọmọ, ti ní kí wọ́n kúkú jẹ́ kó lọ kọ́ aṣọ híhun, iṣẹ́ ìjókòó ni. Ó kù díẹ̀ kí Àwáwù gbà. Ó wo ojú ọmọ rẹ̀.

“Kì í ṣe orí rẹ. Èmi tí mò ń kọ́ ẹ ni mi ò mọ̀ ọ́n.”

Lọ́jọ́ kejì, ó wé gèlè, ó kọrí síléèwé. Ó kúnlẹ̀ kí Tíṣà Akínyẹlé.

“Tíṣà, ẹ jẹ́ n jókòó lẹ́yìn kíláàsì ìwé márùn-ún. Pínpín ni mo bá wá.”

“Ìyá Kíkẹ́, àwọn ọmọ á fi yín rẹ́rìn-ín o.”

“Ẹ̀rín ò dá ọgbẹ́ síni lára.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín lóòótọ́. Orúnkún rẹ̀ ò gba abẹ́ tábìlì. Ọ̀sẹ̀ kìíní, kò mú nǹkan kan bọ̀. “Kò tíì yé mi,” ló sọ fún Kíkẹ́. “Màá tún lọ lọ́la.” Àsìkò iṣu gbígbìn dé; yóò kọ́kọ́ débi ebè ní ìdájí, kó tó lọ síléèwé tòun ti erùpẹ̀ lẹ́sẹ̀. Lọ́sẹ̀ kẹta, ó yé e.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi kọ́ ọmọ rẹ̀ nílé. Lálẹ́ ọjọ́ kan, ó ń pín méjìdínlógójì sí ọ̀nà mẹ́fà lójú síléètì. Kíkẹ́ di ọwọ́ rẹ̀ mú.

“Ìyá mi, ẹ dúró ná. Ẹ ti gbàgbé méjì tó ṣẹ́kù.”

Àwáwù wò ó. Òótọ́ ni. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Nígbà tó di àárọ̀, Tíṣà Akínyẹlé tún bá a lórí bẹ́ǹṣì.

“Ṣé pínpín ò tíì yé yín ni?”

“Ó ti yé àwa méjèèjì. Èwo ló kàn?”