Ìyá Àgbà Nọ́ńbà Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún

Kì í ṣe ẹ̀bi mi. Ẹ̀bi ta ni, nígbà náà? Òfin ni òfin — nọ́ńbà kan, èèyàn kan — ìwé rẹ̀ nìyẹn lára ilẹ̀kùn, ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ ọ́, mo sì fi rúlà fa ìlà sí i nídìí. Mẹ́rìnlá wà nínú. Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún wà níta. Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún á wọlé tí Mẹ́rìnlá bá jáde. Kí ló wá le níbẹ̀?

Àmọ́ Mẹ́rìnlá kò jáde. Ó ń ké. Ọmọ ọdún méjì, ohùn rẹ̀ ń gba ara ilẹ̀kùn bọ̀ bí ayùn. Ìgbẹ́ gbuuru ti ń yọ ọ́ lẹ́nu látàná, wọn kò sì ní fi í sílẹ̀ àfi tó bá mu omi iyọ̀ àti ṣúgà tí nọ́ọ̀sì pò fún un. Kò mu. Nọ́ọ̀sì ti yọjú sí mi lẹ́ẹ̀kan: "Ẹni Káàdì, ife kejì nìyí lára aṣọ mi o." Bí ẹni pé èmi ni mo da á.

Kí n kàwé. Ó yá, kí n kàwé. Àwa akẹ́kọ̀ọ́ ìlera tí wọ́n rán wá kọ́ṣẹ́ níbí, èmi ni ilẹ̀kùn kàn: àga mi wà láàárín ilẹ̀kùn méjì, ọ̀kan sí ìta, ọ̀kan sí yàrá ìtọ́jú. Méjèèjì kì í ṣí pọ̀, nítorí eruku. Aago mẹ́rin ni olùkọ́ wa, Bàbá Gíláàsì, ń bọ̀ wá tún bi mí ní ìbéèrè tí mo gba òdo nínú rẹ̀. Nítorí náà... awọ sẹ́ẹ̀lì, ọ̀rá ni. Ohun tó bá bá omi ṣọ̀rẹ́ kò lè gba inú ọ̀rá kọjá. Àwọn pùròtéènì kan wá dúró sínú awọ náà bí ilẹ̀kùn lára ògiri. Èyí tó wà nínú ìfun á la ẹnu síta, ṣúgà á jókòó sínú rẹ̀, ẹnu ìta á pa dé, ẹnu inú á ṣí. Méjèèjì kì í ṣí pọ̀. Ó dára. Ilẹ̀kùn gidi. Kò gba rìbá, kò bi ọ́ pé ọmọ ta ni ọ́.

Ìlà tó tẹ̀ lé e ló ń bí mi nínú. Bí iyọ̀ kò bá kọ́kọ́ jókòó, ilẹ̀kùn náà kò ní bá ṣúgà yí. Kí ni ṣúgà ṣe? Mo kọ ọ́ sínú ìdánwò pé ìrẹ́jẹ ni, pé ó yẹ kí ṣúgà kọ̀ọ̀kan wọlé lórí ẹ̀tọ́ ara rẹ̀. Bàbá Gíláàsì kà á sókè fún gbogbo kíláàsì. "Ẹ wá wo agbẹjọ́rò ṣúgà. Ọmọ mi, ìfun ni mo bi ọ́, n ò bi ọ́ ní kóòtù."

Mẹ́rìnlá tún ń ké. Ó ga ju ti tẹ́lẹ̀ lọ... àbí ó ń rọlẹ̀? Kó má rọlẹ̀. Kó máa ké.

Ẹ̀bi agbaṣẹ́ṣe olówó yẹn ni. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ikùn rẹ̀ ló kọ́kọ́ wọlé, òun fúnra rẹ̀ tẹ̀ lé e, èèyàn mẹ́fà tún tẹ̀ lé òun, lórí káàdì kan, nítorí èékánná tó ya. Gbogbo àwọn tó wà lórí bẹ́ǹṣì ń wò ó bí ẹni ń wo sinimá. Mo délé, oúnjẹ kò lọ. Mo kọ òfin.

Nígbà tí ìyá àgbà sì pọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ dé lówùúrọ̀ yìí, káàdì méjì ni mo fún wọn. Ẹni méjì ni wọ́n. Ṣé pé ọmọ kéré, kò wá jẹ́ èèyàn mọ́? Inú mi dùn sí ara mi, kí n má purọ́.

"Ọmọ ọdún méjì gba nọ́ńbà? Ṣé ó máa buwọ́ lùwé ni?"

"Ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni, Màmá. Tiyín ni mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Tó bá jáde, ẹ̀yin á wọlé."

"Tó bá ti jáde, kí ni mo tún fẹ́ wọlé wá ṣe?"

Mo ní òfin ni. Ó ní ta ló ṣe é. Mo ní èmi ni.

"Ó dáa nígbà náà. Onítọ̀hún kò jìnnà. Ẹni tó so ewúrẹ́ ló mọ ojú okùn."

Nọ́ọ̀sì gbé ọmọ wọlé, Màmá dúró síta. Ó fi iwájú orí ti gíláàsì ilẹ̀kùn ìta, èémí rẹ̀ ń bo gíláàsì náà, ó ń nù ún, ó tún ń bò ó. Mẹ́rìndínlógún ń wúkọ́ sí mi.

Ó dáa. Ká fara balẹ̀. Mẹ́rìnlá kò ní jáde àfi tó bá mu. Kò ní mu àfi tó bá rí ìyá àgbà rẹ̀. Ìyá àgbà rẹ̀ kò ní wọlé àfi tí Mẹ́rìnlá bá jáde. Mẹ́rìnlá kò sì ní jáde àfi... dúró ná. Mo ti kọjá níbí. Tí mo bá sì ṣí i fún un, kí ni mo fẹ́ sọ fún Mẹ́rìndínlógún? Kí ni mo fẹ́ sọ fún agbaṣẹ́ṣe tó bá padà wá?

Ohun tí nọ́ọ̀sì ń wí fún gbogbo ìyá ọmọ: "Omi lásán kò tó. Iyọ̀ àti ṣúgà ló ń fà á wọ ara." Iyọ̀ àti ṣúgà. Iyọ̀ ló ń kọ́kọ́ jókòó. Ó pọ̀ níta, ó ń tì, ó fẹ́ wọlé lọ́nàkọnà, títì yẹn gan-an ni ṣúgà ń gùn wọlé, omi á sì tẹ̀ lé àwọn méjèèjì...

Ta ló ń ti ilẹ̀kùn mi láti àárọ̀?

Háà. Mo rán ṣúgà ṣíwájú. Mo ní kí iyọ̀ lọ jókòó, kó dúró de nọ́ńbà rẹ̀.

Kì í ṣe ojúsàájú. Ìjókòó iyọ̀ àti ṣúgà ló wà níbẹ̀, inú ilẹ̀kùn gan-an ni wọ́n kọ́ ọ sí. Àwọn mẹ́fà tó tẹ̀ lé agbaṣẹ́ṣe kò ní ìjókòó kankan, èékánná kò nílò wọn. Iyọ̀ méjì sí ṣúgà kan ni ìwé wí — mo wo Màmá láti òkè dé ilẹ̀ — ó tó méjì dáadáa.

Ilẹ̀kùn inú ìfun tí ojú kò lè rí, tí kò ní ọpọlọ, tí kò sì ní rúlà, ó mọ̀ pé àwọn kan wà tí wọ́n jẹ́ méjì, tí ìwọlé wọn jẹ́ ọ̀kan. Ọmọ ṣì ń ké. Ọwọ́ mi ti wà lára ìdìmú. Màmá ń wo ọwọ́ náà, kò rẹ́rìn-ín, òun ti mọ̀ látàárọ̀. Ti ìta ni yóò kọ́kọ́ ṣí, kí ti inú ṣì wà ní pípadé — ìyẹn ṣì jẹ́ òfin, nítorí eruku.