Káàdì Tí Wọ́n Fi Di Hómúsì

"Eku ni o! Òkú eku!"

Inṣirá ju ìdì káàdì tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó sì fò sẹ́yìn títí ẹ̀yìn rẹ̀ fi gbá ògiri. "Ó ti gbẹ mọ́ àárín ìwé bíi panla. Ọlọ́run má jẹ́ n rí irú èyí mọ́."

Ọ̀gá Wágídì yọjú lẹ́nu ọ̀nà, ó fi áńkáṣíìfù dí imú. Kò wọlé. Láti ìgbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti dá Dókítà Lútífì, bàbá ìyàwó rẹ̀, dùbúlẹ̀, òun ló ń ṣe alákòóso ilé ìwòsàn àwọn obìnrin tó wà ní àdúgbò wọn ní ìlú Tàntá ní Íjíbítì, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ kò tíì tẹ yàrá ìwé rí.

"Ìyá Nádà, ṣé ẹ ti wá rí ohun tí mò ń sọ?" ó ní fún Inṣirá. "Yàrá tó yẹ kó máa pawó, eku la fi ń sìn. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń pa irun ara fáwọn obìnrin ń bọ̀ lọ́jọ́bọ̀, ibí yìí ló sì máa wà. Gbogbo pàǹtí yìí gbọ́dọ̀ kúrò."

Kì í ṣe irọ́ ló pa. Káàdì àwọn aláìsàn ti ga láti ilẹ̀ dé fèrèsé. Àwọn kan ti lẹ̀ mọ́ra, eku ti gé àwọn mìíràn wẹ́lẹwẹ̀lẹ fi ṣe ilé ọmọ, òórùn ìtọ̀ wọn sì ń ta ènìyàn nímú bí ata. Láti ìgbà tí Inṣirá ti wà ní omidan ló ti ń kọ káàdì wọ̀nyí. Bísímílà ló máa ń kọ́kọ́ kọ sókè, lẹ́yìn náà orúkọ obìnrin náà, lẹ́yìn náà ohun tí obìnrin náà kò lè sọ fún ìyá tó bí i. Ní báyìí, kò fẹ́ fọwọ́ kàn wọ́n mọ́.

"Sísun la máa ń sun ún, Ọ̀gá," ni Inṣirá wí. "Lọ́dọọdún, kí ààwẹ̀ tó wọlé, Dókítà máa ń ní ká kó èyí tó ti pẹ́ lọ sórí òrùlé, a ó bu kẹrosíìnì sí i, ó di eérú. Àìsàn wọn ni kò jẹ́ ká sun ún mọ́. Orúkọ Ọlọ́run wà lórí ẹ̀, àṣírí ọmọlọ́mọ wà lábẹ́ ẹ̀. Kì í ṣe ohun tí wọ́n ń dà sáàtàn."

"Ká wá máa sun ún? Kí èéfín gba aṣọ tí gbogbo àdúgbò sá? Kí Àlàájà Bahíga òdìkejì títì tún máa gbé wa ṣépè láti orí bákónì rẹ̀? Ẹ fi sílẹ̀ fún mi, ẹ jàre. Mituwálì máa kó o lọ síbi tí wọ́n ti ń rẹ ìwé sómi, tí wọ́n ń gún un di tuntun. Omi máa pa gbogbo ẹ̀ rẹ́."

Mituwálì ni ọkùnrin tó máa ń ti ọmọlanke kiri àdúgbò, tó ń kígbe "Róbábíkíà!" tó sì ń ra àlòkù. Ó yẹ kí Inṣirá béèrè ibi tí wọ́n ti ń gún ìwé ọ̀hún gan-an. Kò béèrè. Òkú eku yẹn ṣì wà lójú rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló fi aṣọ dí imú, tó ń ki káàdì sínú àpò bí ẹni ń sá fún nǹkan. Nígbà tí ọmọlanke lọ, ó da omi ìpakòkòrò sílẹ̀ yàrá náà, ó fọ̀ ọ́ títí igun gbogbo fi ń dán, inú rẹ̀ sì dùn gan-an. Ìdọ̀tí ṣáà ti lọ.

Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, bí ó ṣe ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀ nírọ̀lẹ́, ó dúró lọ́dọ̀ Bàbá Bayúmì tó ń yan ẹ̀wà hómúsì ní igun títì. Hómúsì gbígbóná ni ayọ̀ ẹnu rẹ̀. Bàbá Bayúmì lọ́ bébà kan, ó jẹ́ kí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ṣe ṣóńṣó, ó bu hómúsì kún un. Inṣirá ń jẹ ẹ́ lọ bí ó ti ń rìn. Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán kí ó tó tú bébà náà láti ṣa èyí tó kù nísàlẹ̀.

Ìkọ̀wé ọwọ́ ara rẹ̀ ló ń wò ó lójú. Bísímílà nìyẹn. Orúkọ obìnrin kan láti ẹ̀yìn mọ́ṣáláṣí nìyẹn. *Oyún bàjẹ́ lẹ́ẹ̀kẹta. Ọkọ rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ gbọ́.* Létí káàdì náà, ìtọ̀ eku ti fi àmì róbótó sílẹ̀, ó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, iyọ̀ hómúsì sì ti lẹ̀ mọ́ ọn.

Ó tu èyí tó wà lẹ́nu rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ títì, ó tún tu itọ́ lé e, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ ha ahọ́n rẹ̀. Kò mọ èyí tó kó o nírìíra jù, ìtọ̀ eku ni àbí ohun tí wọ́n fi orúkọ obìnrin yẹn ṣe. Ó yí padà, ó sáré lọ bá Bàbá Bayúmì.

"Bàbá Bayúmì, níbo lẹ ti rí bébà yìí?"

"Ọwọ́ Mituwálì ni mo ti rà á. Kí ló ṣe é? Bébà ire ni, ó ki dáadáa. Ti àwọn ọmọ iléèwé tí mò ń lò tẹ́lẹ̀, kí oníbàárà tó délé ni ìdí ẹ̀ ń já."

"Ẹ mọ ohun tó wà lára ẹ̀?"

"Ta ni yóò wá kọ́ mi ní ìwé lọ́jọ́ ogbó? Hómúsì ni mò ń tà, Ìyá Nádà. Ẹni tó bá fẹ́ kàwé, kó lọ síléèwé."

Ìdì káàdì ńlá kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò iyọ̀ rẹ̀. Bí Inṣirá ti rí i, Ráwíyà ló sọ sí i lọ́kàn, ẹ̀rù sì bà á. Ráwíyà ni ìyàwó Fikirì, ọmọ Àlàájà Bahíga. Gbogbo àdúgbò ló gbà pé àgàn ni. Ohun tó wà lára káàdì rẹ̀ yàtọ̀: ara Ráwíyà dá ṣáṣá, àtọ̀ Fikirì ni kò lè sọ obìnrin di abiyamọ. Fikirì ti búra fún ìyàwó rẹ̀ pé lọ́jọ́ tí ìyá òun bá gbọ́, ọjọ́ náà ni òun máa kọ̀ ọ́ sílẹ̀. Ráwíyà sì gbà, ó fi orúkọ àgàn bo ọkọ rẹ̀ láṣìírí. Inṣirá ló kọ ọ́ sílẹ̀, Inṣirá ló sì di ọwọ́ ọmọbìnrin náà mú tó sọ fún un pé, "Má bẹ̀rù, láàárín èmi, ìwọ àti Ọlọ́run ni."

"Bayúmì! Bu tèmi, kó gbóná o! Èyí tó o fún mi lánàá, díẹ̀ ló kù kó ká mi léyín."

Àlàájà Bahíga fúnra rẹ̀ ló dé yìí, pẹ̀lú slípáàsì lẹ́sẹ̀. Ó mọ̀wé kà, kò sì sí ìwé tí kì í kà, títí dórí bébà hómúsì. Bàbá Bayúmì fa káàdì kan yọ, ó lọ́ ọ, ó bu hómúsì sí i. Kí ó tó nà án, Inṣirá ti já a gbà.

"Háà! Ìyá Nádà, ṣé kò sí nǹkan? Hómúsì mi nìyẹn!"

"Àlàájà, ẹ má jẹun nínú ìwé yìí. Eku ti tọ̀ sí i."

"Eku báwo?" Bàbá Bayúmì figbe ta. "Ìyá Nádà, kí ni mo fi ṣe yín tẹ́ ẹ fi fẹ́ ba ọjà mi jẹ́ ní gbangba?"

"Eku kẹ̀?" Àlàájà Bahíga di ọ̀fun ara rẹ̀ mú. "Èyí tí mo jẹ lánàá wá ńkọ́? Bayúmì, ìtọ̀ eku lo fún mi jẹ! O ò ní fojú rere rí i!"

"Bébà ti àná dà, Àlàájà?" Inṣirá béèrè.

"Ó ti bá ìdọ̀tí lọ. Fikirì ni mo ní kó dà á nù, n ò tiẹ̀ rójú kà á. Ta ló ń tọ́jú bébà hómúsì?"

Inṣirá mí kanlẹ̀. Ó ní kí Àlàájà tẹ́ etí ìborùn rẹ̀, ó sì ní kí Bàbá Bayúmì bu hómúsì mìíràn sí i.

"O ṣé, ọmọ mi," ni Àlàájà wí. "Bí ìyàwó ilé mi bá ní irú làákàyè yìí, ǹ bá simi. Ọ̀nà ilé ìwòsàn yín nìkan ló mọ̀, kò sì gbé nǹkan kan bọ̀ níbẹ̀ rí. Ká ní igi ni mo gbìn láti ìgbà yìí wá, ǹ bá ti máa jókòó lábẹ́ òjìji ẹ̀." Ó tu itọ́, ó sì lọ.

Inṣirá ra gbogbo ìdì káàdì náà lọ́wọ́ Bàbá Bayúmì, ó yẹ̀ ẹ́ wò lórí ìdúró níbẹ̀. Ti Ráwíyà kò sí níbẹ̀. Àwọn àpò yòókù ṣì wà lọ́dọ̀ Mituwálì.

Ọ̀gá Wágídì ṣì wà ní ọ́fíìsì nígbà tó padà débẹ̀, ó ń jẹ búrẹ́dì tí wọ́n ki tàmíyà, àkàrà ẹ̀wà wọn, sí. Òróró ń ṣàn lọ sí ìka rẹ̀, ó sì ń nù ún sára bébà tí wọ́n fi di í. Inṣirá gbé káàdì tí hómúsì ti bà jẹ́ síwájú rẹ̀.

"Ẹ ní omi ni wọ́n máa rẹ ẹ́ sí."

Ó wò ó fìrí, ó ń jẹun lọ. "Mituwálì ti ra nǹkan tiẹ̀. Bó bá fẹ́ kó tà á fún alákàrà, ó kù sí i lọ́wọ́."

"Orúkọ ènìyàn ló wà níbẹ̀, Ọ̀gá. Orúkọ Ọlọ́run ló wà níbẹ̀."

"Ta ló ń kà á? Ìyá Nádà, ẹni tébi ń pa kì í kàwé. Wọ́n á jẹ hómúsì tán, wọ́n á ju bébà nù. Ẹ̀yin lẹ̀ ń kó ọ̀rọ̀ sórí."

Tàmíyà ti lẹ̀ mọ́ eyín rẹ̀ níwájú. Inṣirá wò ó bí ìgbà tó ń wo òkú eku yẹn gan-an. Kò tiẹ̀ gbèrò ohun tó máa sọ kí ó tó sọ ọ́.

"Káàdì tiyín náà wà níbẹ̀."

Ẹnu tó ń jẹun dúró.

"Ìgbà tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ìyàwó," ni Inṣirá wí. "Ẹ̀yin méjèèjì ẹ wá. Dókítà fúnra wọn ló kọ èyí. N kò mọ inú àpò tó wà. Ó lè wà lọ́dọ̀ Mituwálì, ó sì lè wà níwájú ẹlòmíràn tó ń yan hómúsì."

Ohun tí Dókítà Lútífì kọ síbẹ̀, ẹni tó ń sọ ìtàn yìí kò ní sọ ọ́. Ó tó kí á mọ̀ pé Wágídì fi búrẹ́dì sílẹ̀ lórí tábìlì, ó fi áńkáṣíìfù sílẹ̀, ó ń fò sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn bí ẹni tí ilé rẹ̀ ń jó. Kò pẹ́ tí ọmọlanke Mituwálì fi dé ìsàlẹ̀ ilé. Wọ́n kó àwọn àpò náà padà sínú yàrá tí Inṣirá ti fọ̀. Mituwálì ń kùn pé owó òun dà, Wágídì tì í sóde.

Ọkùnrin tí kò fẹ́ wọ yàrá ìwé wá kúnlẹ̀ sáàárín ìgbẹ́ eku pẹ̀lú kóòtù àti ṣòkòtò tó gún régé. Ó ń tú àpò, ó ń da káàdì àwọn obìnrin sílẹ̀, ó ń tẹ̀ wọ́n mọ́lẹ̀. Nígbà tó rí tiẹ̀, ó ká a, ó kì í bọ àpò àyà, ó sì dìde, ó ń gbọn orúnkún rẹ̀.

"Ó tán," ó ní. Ara rẹ̀ ti balẹ̀, ó tiẹ̀ rẹ́rìn-ín. "Ẹ pe Mituwálì kó wá kó ìyókù. Ó ti sanwó ẹ̀."

Inṣirá kọ́kọ́ rò pé òun kò gbọ́ ọ dáadáa. Nígbà tó yé e pé òun gbọ́ ọ, ìríra tó mú un kò jẹ́ kó bínú pàápàá. Eku kò mọ ohun tó ń tọ̀ sí. Èyí mọ̀.

"Mituwálì kò ní kó nǹkan kan," ó ní. "Mo máa sun ún."

"Ta ló pàṣẹ fún yín?"

"Kò sẹ́ni tó pàṣẹ fún mi. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ lé mi, ẹ lé mi, ṣùgbọ́n lẹ́yìn tó bá ti di eérú ni."

Ó di etí àpò kan mú, ó wọ́ ọ kọjá lára Wágídì. Ó wọ́ ọ gun àtẹ̀gùn dé òrùlé, ó mí, ó sọ̀ kalẹ̀ wá mú òmíràn. Wágídì ń wò ó láti ẹnu ọ̀nà, kò fi ọwọ́ kan àpò kankan. Ìgbà tí iná ti ràn dáadáa ló tó gòkè wá. Ó yọ káàdì tirẹ̀ láyà, ó jù ú sínú iná, ó dúró tì í títí ó fi jó tán, ó sì sọ̀ kalẹ̀.

Nínú àpò tó kẹ́yìn ni Inṣirá ti rí ti Ráwíyà. Kò kà á. Ó fi sí ibi tí iná ti pọ̀ jù.

"Inṣirá!" Orí bákónì òdìkejì ni ohùn náà ti wá. "Kí lẹ tún ń sun níbẹ̀ yẹn? Ẹ wo aṣọ tí mo sá!"

"Ìdọ̀tí ni, Àlàájà! Àwọn ìwé tí eku tọ̀ sí yẹn ni!"

"Ẹn-ẹn! Sun ún dáadáa, ọmọ mi, má ṣẹ́ ọ̀kankan kù! Ìtọ̀ yẹn kò tíì kúrò lọ́nà ọ̀fun mi." Àlàájà Bahíga yíjú sẹ́yìn. "Ráwíyà! Àgàn yìí, ṣé o ò gbóòórùn èéfín ni? Wá kó aṣọ ọkọ ẹ wọlé!"

Ráwíyà jáde. Ó wo èéfín náà, ó wo Inṣirá tó dúró tì í, ojú rẹ̀ dúró síbẹ̀ fúngbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í ká ṣẹ́ẹ̀tì funfun Fikirì kúrò lórí okùn, lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń gbọn eérú ara wọn nù. Inṣirá fi igi tú iná náà, kí ìsàlẹ̀ rẹ̀ lè jó tán.