Ọ̀bẹ Ò Kan Tèmi

Ìkà kì í kọ ọ́ síwájú orí. Roland Tibbits ga, irun rẹ̀ funfun báláú, ohùn rẹ̀ sì dùn létí, gbogbo ẹgbẹ́ àwọn tó ń fi ọkọ̀ àtijọ́ sáré gun òkè Hollinshaw ló ń pè é ní Bọ̀ọ̀dá Roland. Hester Prosser náà ń pè é bẹ́ẹ̀. Ọdún méjìlá ló fi ń sọ pé "ẹ káàárọ̀ o, Bọ̀ọ̀dá", bẹ́ẹ̀ ó fura sí i gidigidi, kò sì rí nǹkan kan dì mú tó lè fi bá a jà.

Hester ló ń ta rọ́bà, nọ́ọ̀tì àti wáyà fún ẹgbẹ́ náà látẹ̀yìn fáànù rẹ̀, ní pápá tí àwọn ọlọ́kọ̀ ti ń múra. Lọ́jọ́ Àìkú tí à ń wí yìí, wọ́n ti gun òkè lẹ́ẹ̀kan láàárọ̀, ó ku èyí tí wọ́n máa gùn lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán. Búrẹ́dì tí wọ́n fi ẹran ẹlẹ́dẹ̀ sí láàárín ló ń jẹ lọ́wọ́ nígbà tí Cuthbert Yapp, baba tó máa ń yẹ ọkọ̀ wò kó tó sáré, mú nǹkan dúdú kan wá bá a.

"Hester, wo nǹkan tí wọ́n ṣà ní kọ́nà ibi kòtò. Rọ́bà ọkọ̀ ta nìyí?"

Hester gbà á. Stọ́pà ni, rọ́bà tí wọ́n máa ń dè sábẹ́ ẹ̀yìn ọkọ̀, kí irin tó so táyà ẹ̀yìn méjèèjì pọ̀ má baà gbá férémù nígbà tí ọkọ̀ bá rì wọnú kòtò. Ó ti gbó, ó ti sán, ó sì ti já. Ó yí i padà, ó rí nọ́ńbà kan tí wọ́n fi ọ̀dà funfun kọ sí i lára: ẹ̀ta. Ọwọ́ òun fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́. Ó wo ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ìsàlẹ̀ náà tẹ́ pẹrẹsẹ, ó dán, bí ìgbà tí èèyàn bá fi ọ̀bẹ gé ọṣẹ.

Búrẹ́dì bọ́ sílẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó dé. Lọ́dún méjìlá sẹ́yìn, stọ́pà mẹ́rin ni Hester yọ nínú páálí kan, ó kọ ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin sí wọn lára. Ení àti èjì lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Alwyn. Ẹ̀ta àti ẹ̀rin lọ sọ́dọ̀ Roland. Irú ọkọ̀ kan náà làwọn méjèèjì ní, ọkọ̀ eré ìje pupa oníjókòó méjì tí wọ́n ṣe lọ́dún 1962, àwọn méjèèjì sì ti rẹ ẹ̀yìn rẹ̀ sílẹ̀ kó lè di ilẹ̀ mú dáadáa. Ọkọ̀ tí wọ́n bá sì rẹ̀ sílẹ̀, àyè abẹ́ rẹ̀ á dín kù. Bí stọ́pà bá gùn jù níbẹ̀, irin á ti gúnlẹ̀ sí i lára kí ọkọ̀ tó rì tán, ẹ̀yìn ọkọ̀ á tapá bí ìbaaka, táyà á sì fi ilẹ̀ sílẹ̀. Alwyn fura sí èyí, ló bá lọ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ṣáájú rẹ̀ dé ìdí eré náà.

"Bọ̀ọ̀dá Roland, ṣé kí n gé stọ́pà yìí kù ni? Ṣé ẹ gé tiyín?"

"Gé kẹ̀? Ìwọ ọmọ yìí, o fẹ́ ba rọ́bà tuntun jẹ́ ni? Ọ̀bẹ ò kan tèmi. Bó ṣe jáde nínú páálí ni mo ṣe dè é. Lọ dè é, jàre."

Alwyn lọ dè é. Ní kọ́nà ibi kòtò, ọkọ̀ tapá, ó fò kọjá ọgbà àgùntàn, ó fẹ̀yìn balẹ̀. Oṣù mẹ́rin ni Alwyn fi sùn nílé ìwòsàn, ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ sì kúrú ju ọ̀tún lọ títí dòní. Ọjọ́ yẹn gan-an ni Roland gun òkè náà lọ́nà tí ẹnikẹ́ni ò tíì yára tó o rí. Nígbà tí ìgbìmọ̀ jókòó láti wádìí, Roland dìde, ó sọ ọwọ́ sápò, ó ní, "Rọ́bà kan náà la jọ lò, páálí kan náà ló ti jáde, ọ̀bẹ ò kan tèmi. Tèmi gun òkè, tiẹ̀ dojú dé. Ẹ bi ẹsẹ̀ tó fi tẹná léèrè." Wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé ẹgbẹ́ pé àṣìṣe awakọ̀ ni. Wọ́n sì gba ìwé àṣẹ eré ìje lọ́wọ́ Alwyn.

Kì í ṣe ẹsẹ̀ yẹn ló dun Hester jù. Ohun tó dùn ún wọra ni pé Alwyn gba ọ̀rọ̀ náà gbọ́. "Èmi ni mo tẹná jù, Hester. Ẹjọ́ mi ni." Ọdún méjìlá ló fi ń sọ ọ́. Kò sì fi òkè náà sílẹ̀. Iṣẹ́ tó gbà níbẹ̀ ni pé kó máa fi igi dí táyà ẹ̀yìn gbogbo ọkọ̀ tó bá dé ojú ìlà, torí ojú ìlà náà dagun, ọkọ̀ lè yí sẹ́yìn. Ọ̀pá ìtilẹ̀ lọ́wọ́ kan, igi ọlọ́wọ́ gígùn lọ́wọ́ kejì. Ọdún méjìlá ló fi ń bẹ̀rẹ̀ sẹ́yìn ọkọ̀ Roland Tibbits!

"Ta ló ni ín?" Yapp tún béèrè.

"Roland ló ni ín."

Yapp gbójú sókè. Kò tíì gbọ́ kí Hester pe orúkọ náà láìfi Bọ̀ọ̀dá sí i. "Ó dáa," ó ní. "Kò gbọdọ̀ sáré láìní stọ́pà o. Màá ní kó wá bá ẹ."

Bí Yapp ṣe yí ẹ̀yìn padà, Hester gbé agolo bisikíìtì kan jáde lábẹ́ ìjókòó fáànù. Ení àti èjì wà nínú rẹ̀, ó yọ wọ́n lára ọkọ̀ Alwyn tó fọ́, kò sì rọ́kàn gbé wọn sọ nù. Wọ́n gùn, wọ́n le, ọ̀bẹ ò kàn wọ́n. Omi bọ́ lójú rẹ̀, ó fi apá aṣọ nù ún. "Ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé," ó ń sọ fún ara rẹ̀, "ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Roland, o wọ gàù lónìí."

Kò pẹ́ tí Roland fi dé. Ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀.

"Hester, àbúrò mi àtàtà. Bá mi wá stọ́pà méjì. Àwọn kúkúrú yẹn, o mọ̀ wọ́n."

"Kúkúrú kẹ̀!" Hester pariwo débi pé gbogbo àwọn tó wà nídìí tíì ló yíjú. "Ẹ̀yin, Bọ̀ọ̀dá Roland? Ṣebí gígùn lẹ máa ń lò! Ẹ̀yin ará, ẹ wá gbọ́ o!"

"Kí ló dé tó ò ń pariwo? Rẹ ohùn ẹ sílẹ̀."

Ẹ̀pa ò bóró mọ́. Àwọn èèyàn ti ń rọ́ bọ̀. Àwọn ará ibẹ̀ kì í fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé àwọn ń ṣe ojú-mìí-tó, wọ́n á kàn máa ro tíì tí wọ́n ti rò tẹ́lẹ̀. Hester to stọ́pà sílẹ̀ lẹ́yìn fáànù, méjì gígùn lápá òsì, méjì kúkúrú tó yọ nínú ọjà rẹ̀ lápá ọ̀tún.

"Ẹ wò ó. Gígùn nìyí, ọmọ ìyá àwọn tẹ́ ẹ lò lọ́jọ́ tí ẹ̀gbọ́n mi ṣubú. Kúkúrú nìyí. Ẹ ti sọ fún ìgbìmọ̀ pé ọ̀bẹ ò kan tiyín. Ó yá, ẹ mú èyí tó wù yín."

Roland rẹ́rìn-ín. "Ẹ wo obìnrin yìí. Eré ló ń ṣe."

"Ẹ mú gígùn, Bọ̀ọ̀dá!" awakọ̀ kan kígbe láti ẹ̀yìn. "Òun kọ́ lẹ fi ń fọ́nnu fún wa látọjọ́ yìí?"

"Àbí àyà ń já yín?" obìnrin kan fi kún un, wọ́n sì bú sẹ́rìn-ín.

Ọwọ́ Roland kọ́kọ́ lọ sí kúkúrú. Hester rí i. Ọwọ́ náà dúró lófuurufú. Bó bá mú kúkúrú, ó ti jẹ́wọ́ lójú gbogbo ayé nìyẹn. Bó bá mú gígùn, kọ́nà ibi kòtò ń dúró dè é. Ìgbéraga ló borí. Ó gbá gígùn mú.

"Ọ̀bẹ ò kan tèmi rí, kò sì ní kàn án lónìí."

Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Hester pàtẹ́wọ́ tiẹ̀ náà, ó sì gba stọ́pà náà padà lọ́wọ́ rẹ̀. "Ẹ ṣeun, Bọ̀ọ̀dá. Ẹ lọ mu tíì yín, màá bá yín dè é."

Ó fi jáàkì gbé ọkọ̀ sókè, ó tú táyà, ó dùbúlẹ̀ sábẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú stọ́pà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lápò. Ẹ má tan ara yín jẹ, Hester kì í ṣe áńgẹ́lì. Gígùn ló kọ́kọ́ yọ lápò. Ó gbé e sí àyè rẹ̀, ó bá a mu rẹ́gí. Ó rí ọkọ̀ pupa náà lọ́kàn rẹ̀ bó ṣe ń fò kọjá ọgbà àgùntàn, inú rẹ̀ sì dùn, ó dùn dé egungun. Ó ti mú sípánà kó tó dúró.

Kì í ṣe àánú ló dá a dúró. Bí Roland bá kú sí kọ́nà yẹn, akọni ló kú. Wọ́n á kó òdòdó wá, wọ́n á kọ orúkọ rẹ̀ sára pátákó, irọ́ rẹ̀ á sì bá a wọ sàréè, kò sẹ́ni tó máa lè hú u mọ́. Ẹnu rẹ̀ ni Hester fẹ́, òkú rẹ̀ kọ́.

Ó dá gígùn padà sápò. Kúkúrú ló dè.

Ẹ sì wo ewu tó wà níbẹ̀ o. Pẹ̀lú kúkúrú yìí, ọkọ̀ náà máa gun òkè wẹ́rẹ́. Bí Roland bá ní ìgboyà tó láti gbéra, ó máa dókè láyọ̀, gbogbo ayé á sọ pé ó fi gígùn gùn ún, ẹjọ́ Alwyn á sì di ẹ̀bi títí láé. Gbogbo ẹ̀san tí Hester fẹ́ gbà náà, orí ẹ̀rù Roland ló gbé e lé.

Yapp wá yẹ̀ ẹ́ wò. Ó bẹ̀rẹ̀, ó wo abẹ́ ọkọ̀ pẹ́. Nígbà tó dìde, ó wo Hester lójú. Òun náà wà nínú ìgbìmọ̀ tó dá Alwyn lẹ́bi lọ́dún méjìlá sẹ́yìn.

"Stọ́pà wà níbẹ̀," ó ní. "Ọkọ̀ yìí yege." Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Hester sáré lọ bá Alwyn ní ojú ìlà, ó fi rọ́bà tó já náà lé e lọ́wọ́.

"Ẹ fọwọ́ kan ìsàlẹ̀ rẹ̀."

Alwyn fi àtàǹpàkò ra á. Ó rí nọ́ńbà ẹ̀ta. Ó tún ra ojú ibi tí ọ̀bẹ gbà.

"Ó gé e," ó ní. "Hester, ó gé tiẹ̀."

"Ó gé e. Kì í ṣe ẹsẹ̀ yín."

Alwyn ṣì ń ra á lọ́wọ́ nígbà tí ọkọ̀ pupa náà dé, tó ń rọra yí bọ̀ bí ẹni tó gbé ẹyin. Alwyn ki rọ́bà sápò, ó fi igi dí táyà ẹ̀yìn bó ṣe máa ń ṣe. Iná di aláwọ̀ ewé.

Níbẹ̀, iná kì í lé èèyàn. Bó bá ti di ewé, ìgbà tí ọkàn awakọ̀ bá balẹ̀ ló máa gbéra. Ẹ́ńjìnnì ké, ó sì relẹ̀. Ó tún ké, ó tún relẹ̀. Ọkọ̀ ò kúrò. Hester tẹjú mọ́ táyà ẹ̀yìn. "Má lọ," ó ń sọ nínú. "Má lọ, olè. Má lọ." Àwọn ọlọ́kọ̀ tó ń dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà ti ń na ọrùn. Ẹ́ńjìnnì ké lẹ́ẹ̀kẹta, ọkọ̀ mì, Hester di ojú.

Nígbà tó la ojú, ọkọ̀ ṣì wà níbẹ̀. Alwyn ti fi ọ̀pá ìtilẹ̀ rìn dé ẹ̀gbẹ́ Roland.

"Iná ti di ewé, Bọ̀ọ̀dá."

"Mò ń rí i."

"Kí wá lẹ ń dúró dè? Ọ̀bẹ ò ṣáà kan tiyín."

Roland pa ẹ́ńjìnnì. Ó ṣí akoto orí rẹ̀, ojú rẹ̀ funfun ju irun rẹ̀ lọ. "Mi ò lè gùn ún. Stọ́pà gígùn, ní kọ́nà yẹn... èèyàn á kú, Alwyn."

"Báwo lẹ ṣe mọ̀?"

Yapp ti sún mọ́ wọn, àwọn mìíràn náà ti sún mọ́ wọn, kò sì sẹ́ni tó ń ro tíì.

"Báwo lẹ ṣe mọ̀?" Alwyn tún bi í.

"Torí mo gé tèmi!" Roland ké e síta. "Mo gé e! Mo mọ̀ pé bí o bá gé tìẹ, wàá yára jù mí lọ. Mi ò mọ̀ pé o máa fò. Ọlọ́run gbọ́, mi ò mọ̀."

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ á bá a. Yapp ti yọ ìwé àti bírò.

Hester wá súnmọ́ ọn. Ó kó stọ́pà gígùn méjèèjì jáde lápò, ó sọ wọ́n lé Roland lẹ́sẹ̀ nínú ọkọ̀.

"Gígùn tó o mú nìyẹn, Roland. Kúkúrú ni mo dè sí i. Ká ní o gbéra ni, ò bá dé òkè láìfarapa, wọn ì bá tún gbé ife fún ẹ. Kò sí nǹkan kan tó fẹ́ ṣe ẹ́."

Roland bojú wo ilẹ̀ ọkọ̀, ó wo Hester. Hester ti rò pé òun máa sọ púpọ̀ sí i lọ́jọ́ tí ọjọ́ yìí bá dé. Nígbà tó dé, ìyẹn ti tó.

Alwyn padà sẹ́yìn ọkọ̀. Ọdún méjìlá ló fi ń pe ọkùnrin yìí ní Bọ̀ọ̀dá. Ó di ọwọ́ igi náà mú.

"Di bíréèkì ẹ mú, Roland," ó ní, ó sì fa igi kúrò.

Ọkọ̀ pupa náà bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀yìn yí lọ sísàlẹ̀, jẹ́jẹ́, láàárín ìlà méjì àwọn èèyàn, kò sì sẹ́ni tó na ọwọ́ dá a dúró.