Bàbá Kò-Burú

Ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ, àmọ́ níbi tí Bàbá Kò-Burú ti ń ṣiṣẹ́, orúkọ ti wà nílẹ̀ kí ọmọ tó dé. Lásán ni wọ́n ń kó àwọn kọ̀ǹpútà alágbèéká wọlé láti ilé iṣẹ́ tó ń ṣe wọ́n, láìsí orúkọ kankan lára wọn. Oníbàárà á sọ bí mẹ́mọ́rì tó fẹ́ ṣe máa pọ̀ tó, wọ́n á tú ìdí ẹ̀rọ, wọ́n á ki ohun tó béèrè sínú rẹ̀, wọ́n á sì lẹ orúkọ tiwọn mọ́ ọn lẹ́yìn. Bó bá bàjẹ́ lọ́la, ta ni oníbàárà máa bú? Orúkọ tó rí lẹ́yìn rẹ̀ náà ni.

Ìdí nìyí tí wọ́n fi ní ẹni tó ń yẹ̀ wọ́n wò, bàbá yìí sì ni. Á ṣí ẹ̀rọ, á pa á dé, á tún ṣí i, títí yóò fi mọ̀ bóyá ìdè ọrùn rẹ̀ máa pẹ́. Á tẹ gbogbo bọ́tìnnì. Lẹ́yìn náà, á fi fídíò sí i, á sì ti àtẹ́lẹwọ́ bọ abẹ́ rẹ̀. Àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ wọ̀nyí gbọ́n féfé. Ìkarahun tọdún yìí lè jọ tèṣí bí ìbejì, kí wọ́n sì ti yọ fáànù gidi inú rẹ̀, kí wọ́n fi gbàrọgùdù rọ́pò rẹ̀, láìsọ fún ẹnì kan. Ojú ò lè rí ìyẹn, àfi kéèyàn fọwọ́ kàn án.

Láti ìgbà tí ìyàwó rẹ̀ ti kú lọ́dún tó kọjá ni wọ́n ti sọ ọ́ ní Bàbá Kò-Burú, nítorí kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ọ̀rọ̀ mìíràn lẹ́nu rẹ̀ mọ́. Ẹ kú àmúmọ́ra o: kò burú. Oúnjẹ yín ti tutù: kò burú. Bàbá, ẹ wọ bàtà sódì: kò burú. Àwọn kan ní ìgbàgbọ́ rẹ̀ ló lágbára. Ìgbàgbọ́ kọ́. Kò sí ohun tó ń dùn ún mọ́, kò sì sí ohun tó ń dùn mọ́ ọn. Á jí, á wẹ̀, á lọ síbi iṣẹ́, á padà wá jókòó sórí àga kan náà nínú yàrá, láì tan iná.

Ẹ̀yin náà ẹ sì mọ ọ̀rọ̀ yìí. "Kò burú" lè jẹ́ pé, mo ti yẹ̀ ẹ́ wò, kò ní àbùkù. Ó sì lè jẹ́ pé, mo ti gbọ́, ẹ jẹ́ kí n sinmi. Ẹni tó ń gbọ́ ọ ló ń yan èyí tó wù ú.

Nígbà tí àwọn ẹ̀rọ tuntun dé, bàbá fi fídíò sí ọ̀kan. Kò pẹ́ tí abẹ́ rẹ̀ fi gbóná bí ìdí ìkòkò, tí ojú rẹ̀ sì ṣókùnkùn lójijì. Ó gbé òmíràn, bákan náà ló rí. Ó mọ̀ pé wọ́n ti pààrọ̀ fáànù. Ó mọ̀ ọ́n bí èèyàn ṣe ń mọ̀ pé òjò ń rọ̀ níta nígbà tí òun wà nínú ilé. Ọ̀gá ń kọjá lọ, fóònù létí.

"Bàbá, àwọn tuntun yẹn ńkọ́? Ṣé ká máa kó wọn jáde?"

"Kò burú."

Ọ̀gá yan èyí tó wù ú. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, wọ́n ti lẹ orúkọ mọ́ wọn.

Bàbá mú ọ̀kan nínú wọn fún ọmọbìnrin rẹ̀, ọ̀kan ṣoṣo tó bí. Iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ ọmọ náà. Ó wá fẹ́ di ògbufọ̀, irú èyí tó ń jókòó sílé tó ń ti inú fídíò bá dókítà àti aláìsàn tí wọn ò gbọ́ èdè ara wọn sọ̀rọ̀. Orí ẹ̀rọ ni wọ́n ti máa dán an wò.

"Bàbá mi, ṣé mo lè fọkàn tán an?" Orí fóònù ló ti béèrè. "Wọ́n ní tó bá kú láàárín ìdánwò, ó parí nìyẹn, kò sí àtúnṣe."

"Kò burú."

Láàárọ̀ ọjọ́ ìdánwò, olùkọ́ kan gbé tirẹ̀ padà wá. Ó gbé e ka orí tábìlì. "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé láptọ́ọ̀pù lẹ tà fún mi ni, àbí sítóòfù?"

Ọ̀gá yíjú sí bàbá. "Ṣebí ẹ̀yin lẹ ní kò burú?"

"Mo ní mo ti gbọ́ ni."

Bó ṣe sọ ọ́ tán ló rántí ọmọ rẹ̀. Ó pè é, fóònù rẹ̀ ti wà ní pípa. "Ẹ má jẹ́ kí ọ̀kan jáde mọ́," ó sọ fún ọ̀gá. "Fáànù inú wọn kì í ṣe ti tẹ́lẹ̀." Ó ti pẹ́ tí ọ̀gá ti gbọ́ ọ̀rọ̀ tó gùn tó bẹ́ẹ̀ lẹ́nu rẹ̀. Kó tó dá a lóhùn, bàbá ti já páálí kan lára àpótí ẹ̀rọ, ó ti jáde.

Ó rọra ṣílẹ̀kùn yàrá ọmọ rẹ̀. Ìdánwò ti bẹ̀rẹ̀. Ọmọ náà fẹ̀yìn ti ògiri, ẹ̀rọ wà níwájú rẹ̀, kámẹ́rà ò sì lè rí ilẹ̀kùn. Àwọn tó ń dán an wò ti kìlọ̀ pé àwọn ò gbọdọ̀ rí ẹlòmíràn, àwọn ò sì gbọdọ̀ gbọ́ ohùn rẹ̀. Bàbá kúnlẹ̀, ó rá dé ẹ̀gbẹ́ tábìlì, ó jókòó sílẹ̀, ó sì ń fi páálí fẹ́ atẹ́gùn sí ihò ìdí ẹ̀rọ náà. Àgbàlagbà, nílẹ̀, bí ẹni ń ko iná. Ọmọ rẹ̀ rí i, kò jẹ́ kó hàn lójú.

Bó ti ń fẹ́ ẹ, ó ń gbọ́. Dókítà inú ìdánwò sọ̀rọ̀, ọmọ rẹ̀ sì gbà á lẹ́nu rẹ̀, ó sọ ọ́ fún ọkọ aláìsàn ní ohùn tó balẹ̀: "Dókítà ní àìsàn ìyàwó yín ti burú gan-an." Kò bu ṣúgà sí i. Apá bàbá ń ro ó, kò sinmi. Ẹ̀rọ náà gbóná, àmọ́ kò kú.

Nígbà tó parí, ọmọ náà pa á dé. Ó wo bàbá rẹ̀ nílẹ̀.

"Ẹ mọ̀ pé ó ń gbóná."

"Mo mọ̀."

"Kẹ́ ẹ tó fún mi?"

"Kí n tó fún ọ."

Ọmọ náà ti ẹ̀rọ sẹ́gbẹ̀ẹ́. "Nígbà tí màmá mi wà lórí àìsàn, mo pè yín. Mo ní, ṣé kí n máa bọ̀? Ẹ ní kò burú. Mo bá jókòó síbí, mo ń jẹ, mo ń mu."

Bàbá gbé páálí sílẹ̀. Ó ń dùn ún, láyà, níbi tí ohunkóhun kò ti dùn ún láti ọjọ́ yìí wá.

"Mo mọ̀ nígbà yẹn náà," ó ní. "Dókítà ti sọ fún mi."

"Kí ló sọ? Ẹ sọ ọ́ bó ṣe sọ ọ́."

"Ó ní ọjọ́ tó kù kò pọ̀ mọ́. Ó ní tó bá lọ́mọ, kí n pè é kó máa bọ̀."