Tọ́bò fún Píjò Bàbá Wa

Àwọn kan wà tí Ọlọ́run fún ní orí, tí wọn ò rí nǹkan fi ṣe ju kí wọ́n máa dé fìlà sí i lọ. Àbúrò mi Ṣẹ̀rífù ni olórí ẹgbẹ́ wọn.

Èmi Kàúsárà ni mo ń ta obì. Òun ló ń fi Píjò akérù tí bàbá wa fi sílẹ̀ kó o láti Akaka wá sí Ṣàgámù. Láti nǹkan bí oṣù mẹ́ta, bí Píjò náà bá ti rí òkè, yóò máa wúkọ́ bí arúgbó tí egungun ẹja há lọ́fun. Lọ́jọ́ kan, Tawfiq tó ń kó ẹ̀gẹ́ yà wá sílẹ̀ lórí òkè, ó tún wá juwọ́. Ìjuwọ́ yẹn ló da orí àbúrò mi rú.

Ó di ọ̀dọ̀ Akínkúnmi tó ń ta àlòkù ẹ̀yà ọkọ̀ ní Makun. Ìyẹn gbé irin méjì síta: tọ́bò tí èéfín ọkọ̀ ń yí, àti súpáṣájà tí bẹ́líìtì ń yí. Iṣẹ́ kan náà ni méjèèjì ń ṣe: wọ́n ń fipá ti afẹ́fẹ́ sínú ẹ́ńjìnì kó lè lágbára. Ọjọ́ mẹ́ta ni Ṣẹ̀rífù fi ń wò wọ́n bí ẹni tó ń yan ìyàwó. Tọ́bò ń súfèé, ó wù ú. Súpáṣájà ń ké ramúramù, ìyẹn náà wù ú. Mo bi í pé èwo ló bá ọkọ̀ tí okùn ló di ilẹ̀kùn rẹ̀ mú mu. Ó ní kí ni mo mọ̀ nípa mọ́tò.

Ibi tó ti wá dùn mí ni pé apẹ̀rẹ̀ obì mẹ́rìnlá tí a jọ tọ́jú de ìgbà ọ̀wọ́n ló fẹ́ tà fi ra ọ̀kan nínú wọn. Obì tí mo ń ṣí wò lọ́sẹ̀-lọ́sẹ̀, tí mo ń pààrọ̀ ewé rẹ̀ bí ẹni ń pààrọ̀ aṣọ ọmọ tuntun! Mo ní kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kàn án, ká gbé ọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ Fàtíà, mẹkáníìkì tó wà ní Ìlárá, kó sọ fún un lójú mi pé òmùgọ̀ ni.

Fàtíà ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ó tọwọ́ bọ ibi tí ẹ́ńjìnì ti ń fa afẹ́fẹ́, ó fa ewé kan yọ. Ó tún fa òmíràn. Nígbà tó fi ṣe tán, ewé tó wà nílẹ̀ bo apẹ̀rẹ̀ obì kan dáadáa.

"Ẹ fẹ́ ra ohun tó máa fipá ti afẹ́fẹ́ sí i lọ́fun," ó wí, "ẹ sì ti fi ewé dí i nímú. Ta ló ṣe é?"

Mo kọjú sí Ṣẹ̀rífù. Èébú ti pé sí mi lẹ́nu. Ìgbà náà ni mo rántí.

Láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, àràárọ̀ tí a bá ń lọ Akaka ni mo máa ń tẹ́ ewé tútù sórí ẹ́ńjìnì yẹn. Ewé ló ń mú obì tutù. Mi ò rí ohun tí irin fi yàtọ̀. Mo tiẹ̀ ti kọ́ obìnrin méjì ní ọgbọ́n náà.

Ṣẹ̀rífù wò mí. Ó wo ewé.

"Èmi ni," ó wí fún Fàtíà. "Àìmọ̀ ni."

Ọmọ ìyá mi ṣe mí lóore, omi fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lójú mi. Bí a ṣe ń padà lọ, ọkọ̀ gun òkè àkọ́kọ́ bí ewúrẹ́ tí wọ́n lé. A dé orí rẹ̀ kí Ṣẹ̀rífù tó sọ̀rọ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, Akínkúnmi ní fèrè kan tí wọ́n ń kì bọ ìdí sálẹ́ńsà, níbi tí èéfín ń gbà jáde. Ó ń súfèé bíi tọ́bò gan-an. Apẹ̀rẹ̀ kan péré ló máa gbà. Àbí kí n padà lọ sọ fún Fàtíà pé mo purọ́?"

Apẹ̀rẹ̀ mẹ́tàlá ló kù. Bí ẹ bá gbọ́ ọkọ̀ arúgbó kan tó ń súfèé kiri Rẹ́mọ, èmi ni mo jókòó síwájú rẹ̀, mo panu mọ́.