Ọjọ́ Tí Ìyá Ràkúnmí Kọrin

Aláàárù kan tó ru ìdì aṣọ mẹ́rin dúró gbọin láàárín ọ̀nà, kò sì bìkítà pé àwọn èèyàn ń tì í lẹ́yìn.

"Ìyá Ràkúnmí!" ló pariwo. "Ẹ kọ ọ́ fún wa díẹ̀, kí ẹrù yìí lè fúyẹ́!"

Mùjídátù gbé aṣọ tó ń wọ̀n sílẹ̀. Ó na ọrùn, ó ya ẹnu, ó sì gbé orin kan jáde bíi ti ràkúnmí tí wọ́n jí lójú oorun ọ̀sán. Ẹ̀rín bú jáde láti ìsọ̀ dé ìsọ̀. Obìnrin Dẹ́ńdì tó ń ta ata ní ọ̀ọ́kán fọwọ́ di ikùn mú. Àwọn oníbàárà méjì tí wọ́n ti kẹ́yìn sí i padà wá, wọ́n ní kó tún ṣí àǹkárá aláwọ̀ ewé yẹn kí àwọn rí i dáadáa.

Bó ṣe rí nìyẹn nínú ọjà Arzèkè ní Parakou láti ọdún mẹ́fà sẹ́yìn. Láti ìgbà tí Lùkúmọ̀n, ọmọ àdúgbò Banikanni tó lọ kọ́ iṣẹ́ sinimá ní Kútọnu, ti ṣe fíìmù nípa ẹgbẹ́ olórin kan tó jẹ́ obìnrin ọjà márùn-ún, Mùjídátù kò ní orúkọ mìíràn mọ́. Nínú fíìmù náà, àwọn obìnrin yìí a máa kọrin níbi ìsọmọlórúkọ àti ìgbéyàwó, wàhálà a sì máa bá wọn dé ibi gbogbo. Ìyá Ràkúnmí, tí Mùjídátù ń ṣe, ló ń fa èyí tó pọ̀ jù, ẹni tí ohùn rẹ̀ lè mú wàrà kan nínú igbá. Èkejì fíìmù náà dùn ju ti àkọ́kọ́ lọ. Lónìí, ní agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, wọ́n fẹ́ fi ẹ̀kẹta han ìlú. Ẹ̀kẹta náà sì ni àṣepárí. Lùkúmọ̀n ti fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ lórí rédíò pé kò ní sí òmíràn.

Ohun tí àwọn tó ń rẹ́rìn-ín kò mọ̀ ni pé Mùjídátù mọ orin í kọ. Lọ́jọ́ tí Lùkúmọ̀n ń wá òṣèré, orin gidi ló kọ fún un, ọ̀dọ́mọkùnrin náà sì la ẹnu sílẹ̀ tí kò lè pa á dé. Lẹ́yìn náà ló wá sọ pé, "Táńtì Mùjí, àwọn tó lè kọ ọ́ dáadáa pọ̀. Ẹni tó lè bà á jẹ́ kó pa èèyàn lẹ́rìn-ín ni mo ń wá. Ẹni tó bá mọ ọ̀nà nìkan ló sì lè mọ̀ ọ́n ṣì báyẹn." Mùjídátù gbà. Kò kábàámọ̀ rẹ̀, nítorí iṣẹ́ ọwọ́ ni. Kí ohùn tó yapa gan-an níbi tó yẹ kó yapa sí, ó gba ọgbọ́n. Nígbà tó bá rí àgbàlagbà tó ń fi etí agbádá nu omijé ẹ̀rín, orí rẹ̀ a wú.

Ẹnì kan ṣoṣo ni kò bá wọn rẹ́rìn-ín rí. Ìyá tó bí i lọ́mọ ni.

Àràmọ́tù ti lé ní ọdún márùndínlọ́gọ́rin. Bàbá rẹ̀ ló kó ẹrù aṣọ ti Ògbómọ̀ṣọ́ wá, Parakou ni wọ́n sì bí òun sí. Nígbà tí agbára ṣì wà, kò sí àlàájì tó ti Mẹ́kà dé sí àdúgbò Albarika tí kì í ṣe òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ló fi wákà pàdé rẹ̀ lójú ọ̀nà. Ohùn yẹn ló fún Mùjídátù. Nígbà tí wọ́n wá sọ fún un pé ọmọ rẹ̀ ń ké bí ẹranko nínú fíìmù, gbólóhùn kan ló sọ: "Ẹni tí a fún ní góòlù kì í fi gún ata." Kò wo fíìmù àkọ́kọ́. Kò wo èkejì. Nígbà tó ṣe, ojú rẹ̀ ṣókùnkùn, kò sì rí ohunkóhun mọ́ àyàfi òjìji.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Mùjídátù kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀.

"Ìyá, nínú èyí tó kẹ́yìn yìí, mo kọrin."

Ìyá kọjú sí i. "Orin gidi?"

"Orin gidi ni, Ìyá."

Ìyá nawọ́ sí ibi àpótí aṣọ rẹ̀. Ó wá ní, "Bá mi sá léèsì funfun yẹn sóòrùn."

Nítorí náà, bí oòrùn ti kọjá àtàrí, Mùjídátù pa ìsọ̀ dé, ó wẹ̀, ó sì lọ mú ìyá rẹ̀ ní Albarika. Gbọ̀ngàn tí wọ́n yá ti kún kí wọ́n tó débẹ̀. Èdè Bàrìbá ń dún lẹ́yìn, Yorùbá ń dún níwájú, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń fi Faransé ṣàwàdà láàárín. Wọ́n yàgò fún ìyá arúgbó aláṣọ funfun náà. Ó jókòó ní ìlà iwájú, ó kó ọwọ́ méjèèjì lé itan, ó sì dẹ etí sílẹ̀.

Mùjídátù ń sọ fún un ní kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lórí ògiri tí fíìmù ń hàn lára rẹ̀. Nígbà tí gbogbo gbọ̀ngàn bá bú sẹ́rìn-ín nítorí Ìyá Ràkúnmí, ojú ìyá rẹ̀ a tòrò bí omi inú àmù. Ó kan dà bíi pé igun ẹnu rẹ̀ mì lẹ́ẹ̀kan, ṣùgbọ́n Mùjídátù kò lè fi ìyẹn búra.

Eré dé ìparí. Àlájà Tàíbátù, tó jẹ́ olórí ẹgbẹ́ náà nínú fíìmù, fẹ́ padà sí ìlú bàbá rẹ̀ láti lọ fẹ̀yìn tì. Àwọn mẹ́rin tó kù sìn ín dé ibùdó ọkọ̀ láti kọrin ìdágbére. Ẹni àkọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, ẹkún gbà á lẹ́nu. Ẹnì kejì gbé e, òun náà sọkún. Ẹ̀kẹta kò tilẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ rárá. Ó wá ku Ìyá Ràkúnmí. Lórí ògiri, gbogbo èrò ọkọ̀ fìka di etí. Nínú gbọ̀ngàn náà, wọ́n fìka di etí. "Yéè, a gbé o!" ni ẹnì kan kígbe lẹ́yìn.

Mùjídátù sún síwájú lórí àga. Ibi tó kan nìyí. Ibi tí ẹnikẹ́ni kò retí, tí Lùkúmọ̀n ti bò mọ́lẹ̀ bí ẹni ń bo ẹyin. Lórí ògiri, obìnrin náà gbé orí sókè, ó ya ẹnu.

Agbóhùnsókè dún pọ̀ọ́! Òórùn wáyà tó jóná gba inú afẹ́fẹ́. Ohùn lọ, àwòrán kò lọ. Ẹnu Ìyá Ràkúnmí ń lọ sókè sódò láìsí ohùn kankan.

Àwọn èèyàn rò pé inú eré ni. Wọ́n rò pé ohùn ràkúnmí ló fọ́ ẹ̀rọ. Ẹ̀rín tó sọ lẹ́ẹ̀kan náà, irú rẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ rí. Wọ́n ń fẹsẹ̀ kilẹ̀, wọ́n ń lu àga. Lùkúmọ̀n sáré sídìí ẹ̀rọ, ó káwọ́ lérí.

Nínú ariwo yẹn, Ìyá fọwọ́ kan orúnkún ọmọ rẹ̀.

"Mùjí, ṣé bí o ṣe kọ ọ́ náà nìyẹn?"

Mùjídátù kò mọ ìgbà tó dìde. Ó dúró níwájú ògiri, ó gbójú sókè, ó wo ẹnu ara rẹ̀. Ìlà àkọ́kọ́ ti lọ. Ó bá ara rẹ̀ níbi ìlà kejì, ó sì wọlé:

*Ẹsẹ̀ tó ń lọ kò kórìíra ilé,*
*Ẹ̀yin tí ẹ rẹ́rìn-ín nígbà tí mo dákẹ́,*
*Ẹ wá gbọ́ o, ohùn mi wà nílé.*

Àwọn kan ṣì ń rẹ́rìn-ín nígbà tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n ń retí ràkúnmí. Ẹ̀rín náà já lẹ́nu wọn. Àwọn tó wà lẹ́yìn pátápátá dìde láti rí ẹni tó ń kọ ọ́. Ẹnu tó wà lórí ògiri àti ẹnu tó wà nílẹ̀ ń ṣí papọ̀, wọ́n ń pa dé papọ̀. Àlájà Tàíbátù, tí òun náà wà nínú gbọ̀ngàn, dìde lórí àga rẹ̀, ó gbè é. Àwọn òṣèré mẹ́ta yòókù dìde tẹ̀lé e. Lórí ògiri, ọkọ̀ gbéra, eruku pupa sọ, orúkọ àwọn òṣèré bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Àwọn márààrún ń kọ ọ́ lọ. Wọn kò dákẹ́ títí ògiri fi funfun báláú.

Gbọ̀ngàn náà dìde tán. Lùkúmọ̀n wá, omi lójú rẹ̀. "Táńtì, ẹ má bínú, ẹ̀rọ yẹn..."

"Ẹ̀rọ wo?" ni Àlájà Tàíbátù dá a lóhùn.

Oòrùn kò tíì wọ̀ nígbà tí wọ́n jáde. Àwọn èèyàn ṣì ń pè é ní Ìyá Ràkúnmí, ṣùgbọ́n wọ́n ń tẹrí ba bí wọ́n ti ń pè é. Ó ń kí wọn lọ, àyà rẹ̀ kún, ẹsẹ̀ rẹ̀ fúyẹ́. Ìyá di apá rẹ̀ mú. Wọ́n dé ojú títì. Ọlọ́kadà kan gun ọ̀kadà rẹ̀ sún mọ́ wọn, ó ń pè wọ́n.

"Ibi 'nígbà tí mo dákẹ́' yẹn," ni Ìyá sọ.

"Ìyá?"

"O mí sí i láàárín. Ó yẹ kí o ti mí kí o tó pe 'ẹ̀yin', kí o wá gbé e lọ láìgé."

"Mo gbọ́, Ìyá."

"Tàíbátù yẹn náà ń sáré. Ìwọ sì ń tẹ̀lé e. Aṣáájú kì í tẹ̀lé elégbè."

Ó kọ́kọ́ dun Mùjídátù díẹ̀. Odindi gbọ̀ngàn dìde fún un, ibi tó ti mí ni ìyá rẹ̀ rí. Lẹ́yìn náà ló rántí àwọn ìrọ̀lẹ́ kan nígbà èwe rẹ̀, tí Ìyá àti ẹgbẹ́ rẹ̀ bá ti òde dé, tí wọ́n jókòó sórí ẹní, tí Ìyá ń sọ fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan: ìwọ mí sí i, ìwọ sáré, ìwọ gé e kúrú. Bí ọmọdé bá kọrin fún un, yóò ní, "Ó dùn, o ṣeun." Bí aládùúgbò bá kọ ọ́, yóò ní, "Ó dùn, o ṣeun." Àwọn tí òun pẹ̀lú wọn jọ ń dúró kọrin nìkan ló ń bá wí.

Mùjídátù dúró sétí títì. Ó mí kanlẹ̀, ó sì gbé ìlà náà láti "ẹ̀yin" dé "dákẹ́" láìgé.

Ọlọ́kadà yẹn pa ẹ́ńjìnnì rẹ̀.

"Tún un kọ," ni Ìyá wí.