Katakata Tí Azara Fọ̀

Azara fi kàn-ìn-kàn-ìn àti yanrìn ha katakata olóògbé ọkọ rẹ̀, ó fọ̀ ọ́ títí ó fi ń dán, ó sì fi òrí pa á, torí ó fẹ́ tà á. Nílé wọn ní Savelugu, ohun tó bá máa jáde, ìbáà ṣe ìyàwó, ìbáà ṣe àgbò, kì í jáde pẹ̀lú ìdọ̀tí. Ìdí rẹ̀ há sábẹ́ ẹ́ńjìnnì lẹ́ẹ̀mejì; ó fi ara rẹ̀ rẹ́rìn-ín, ó tún rá wọ abẹ́ rẹ̀.

Memuna ọmọ rẹ̀ wà lọ́sibítù ní Tamale, ẹsẹ̀ rẹ̀ fọ́ yángá. Dókítà ní bí owó irin tí àwọn yóò fi to eegun náà kò bá dé kí Jímọ̀ tó kọjá, àwọn á gé ẹsẹ̀ náà. Ọ̀la ni Jímọ̀.

Iddrisu tó ń ra katakata àlòkù dé. Kò tilẹ̀ wo dídán. Ó lóṣòó, ó ń fọwọ́ wá ẹ̀gbẹ́ ẹ́ńjìnnì.

"Ìyá, páànù kékeré kan ló yẹ kó wà níbí, tí wọ́n tẹ nọ́ńbà sí."

"Èyí tó dípẹtà yẹn? Mo ti fi ọ̀bẹ fá a! O lè fi wo eyín ẹ."

Iddrisu wò ó. Páànù náà ń dán gbinrin, kò sí nǹkan kan lára rẹ̀.

"Ìyá, orúkọ ẹ̀ lẹ fá dànù yẹn. Ìwé ẹ̀ ńkọ́?"

"Ikán ti jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n ta ni ò mọ katakata Neindow ọkọ mi? Oko ta ni kò tú?"

"Mo gbà yín gbọ́, Ìyá. Ọlọ́pàá ojú ọ̀nà ò ní gbà mí gbọ́. Kò ní nọ́ńbà, ó tún dán báyìí: ẹrù olè ni wọ́n máa pè é. Àfi kí n gé e wẹ́wẹ́, kí n tà á lórí ìwọ̀n bí àfọ́kù irin."

Ó dá iye lé e. Kò tó ìdajì owó tí ọsibítù ń retí.

Azara lu itan rẹ̀, ó bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ wá wo èmi ọ̀bùn! Ìkòkò ọbẹ̀ mi ò mọ́ rí, irin ni mo wá ń fọ̀!" Àwọn aládùúgbò tó ń wòran bá a rẹ́rìn-ín, títí wọ́n fi rí omijé lójú rẹ̀.

"Ọmọ mi, bù sí i. Ẹsẹ̀ Memuna ni."

"Ìyá, tí mo bá bù sí i, gbèsè ni màá jẹ."

Owó náà kò lè ra irin. Ó kàn tó fún gígé ẹsẹ̀.

"Mú un wá," ni Azara wí. "Kí ọmọ mi ṣáà wà láàyè."

Ó so owó mọ́ etí ìró, ó gba ọ̀nà Tamale, ó ń ronú bí yóò ṣe sọ fún ọmọ rẹ̀ pé ọwọ́ ìyá rẹ̀ ló fá ẹsẹ̀ rẹ̀ dànù.